Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún omi Ìkógòsì

Ẹ̀wù òtútù tí mo rà lọ́wọ́ ìyá olókìríkà kan nígboro Adó ṣì ń rùn káńfọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti sá a sórí okùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òórùn náà kò kúrò. Ìyá yẹn pe 15,000 náírà, èmi ní 5,000, a fà á títí a fi dúró sí 8,500, ó wá fi ìbọ̀wọ́ ṣe ènì fún mi. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo o, kò ní èkejì. Tọwọ́ òsì ni. Àbúrò mi ọkùnrin ní bí mo bá dé ọ̀hún kí n máa ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, pé wọn á rò pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń dúró nìyẹn.

Vienna, olú-ìlú Ọ́sítríà, ni mò ń gbé ẹ̀wù náà lọ. Ní ìparí oṣù kẹrin yìí ni European Geosciences Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Yúróòpù, tí gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní EGU, máa ṣe àpérò ọdọọdún wọn níbẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, láti 2005 sì ni àpérò náà ti fìdí kalẹ̀ sí Vienna. Ní 2024, àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn débẹ̀ lé ní 18,000. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ènìyàn, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì! Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ eruku tó ń fẹ́ nínú Mars, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìjì tó ń ti ara oòrùn wá, ẹlòmíràn ń ka iye ìgbà tí ilẹ̀ mì nísàlẹ̀ òkun. Ní igun kan níbẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi náà á dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ omi gbígbóná tó ń sun ní Ìkógòsì, ní Èkìtì wa.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo tún ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé nínú jiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Ọdún kẹfà rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí pé ìgbà wo ni màá parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá gbogbo ayé bi mí. Ohun tí mò ń wá kò ju ọ̀nà tí omi gbígbóná yẹn ń gbà wá sókè lọ: ibi tó ti wọlẹ̀, bó ṣe jìn tó, ojú ibi tó là nínú àpáta tó gbà jáde.

Nígbà tí ètò àpérò jáde, mo wá orúkọ mi, mo rí i pé PICO ni wọ́n fún mi. Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà sọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á gorí pèpéle, wọn á sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù. Àwọn kan á lẹ bébà ńlá mọ́ pátákó, wọn á dúró tì í bí aláṣọ nídìí àtẹ. Ẹ̀kẹta ni PICO, tí wọ́n ti ń ṣe láti 2013: gbogbo yín á tò, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú fún ìṣẹ́jú méjì péré, á sọ ohun tó gbé wá, lẹ́yìn náà, kálukú á lọ dúró nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ̀ létí á wá bá a níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì! Ọmọ Èkìtì ni mí. Bí mo bá pàdé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà, tí mo kúnlẹ̀, tí wọ́n bi mí léèrè ilé, wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́, wọ́n bi mí léèrè ìyá mi, wọ́n tún béèrè bóyá iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ìṣẹ́jú méjì á ti lọ kí wọ́n tó bi mí pé níbo ni mo forí lé. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo kà á sókè: ìṣẹ́jú méje àti ogójì àáyá. Mo gé e, ó di márùn-ún. Mo tún gé e, ó di mẹ́rin àti ààbọ̀. Ibẹ̀ ló há sí.

Ọ̀rọ̀ omi náà ló pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì mọ̀ pé omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, kálukú ń ti ojúsun tirẹ̀ bọ̀, wọ́n wá pàdé lábẹ́ igi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ gbé mi lọ. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ apá kan, mo ki òsì bọ èkejì, n kò gbà kí a lọ sílé mọ́. Gbogbo ẹni tó ń mú àlejò débẹ̀ ló máa ń sọ pé omi méjèèjì kì í dàpọ̀. Wọ́n ń dàpọ̀ o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, omi kan náà ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi ìpàdé yẹn gan-an ni ìyanu rẹ̀ wà, níbi tí wọn kò tíì ráyè dàpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dùn mí ni ti 70. Ìwé àwọn tó ń rìnrìn afẹ́ kún fún un pé ojúsun omi náà gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo ti ki tẹmómítà bọ ojúsun yẹn ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, nínú ọyẹ́, nínú òjò. Kò kọjá 38 rí. Ẹ kàn rò ó wò: èèyàn ń wẹ̀ nínú omi yẹn, àwọn ọmọdé ń fò sí i. Omi 70 á bó ènìyàn lára bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ nílé, wọn á wò mí bí ẹni tó ń bu ìlú rẹ̀ kù. Ọ̀gá kan ní kí ló dé tí mi ò kúkú fi 70 sílẹ̀, ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ni?

Ẹ̀rọ tí mo fi ń ka ooru náà kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Irin rógódó ni, ó lè wà nínú omi fún oṣù mélòó kan, á máa kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo tì í bọ inú ike kékeré, mo fi róbà dúdú wé e, mo wá fi okùn pupa dè é mọ́ gbòǹgbò igi kan kí n lè tètè rí i bí mo bá padà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nǹkan dúdú, okùn pupa, nínú omi, nídìí igi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo padà débẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ tú ewé jíjẹrà fún wákàtí méjì, omijé ti fẹ́ bọ́ lójú mi, nítorí owó oṣù mi kan gbáko ni mo fi rà á. Baba àgbẹ̀ kan tó máa ń gba ibẹ̀ lọ sóko ló bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ni ín?" Wọ́n ní àwọn rí i, àwọn mọ̀ pé ẹni ibi kan ló fẹ́ ba omi ìlú jẹ́, àwọn fi igi gbé e jáde, àwọn sì tọ̀ sí i kí agbára rẹ̀ lè bàjẹ́. Wọ́n mú mi dé ìdí ògiri àwókù kan, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà pẹ̀lú okùn rẹ̀. Nígbà tí mo so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: 37.5 geere fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, ó wá já lẹ́ẹ̀kan náà sí 27. Mo dúpẹ́ pé wákàtí wákàtí ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni, ǹ bá ní láti ṣàlàyé nǹkan mìíràn fún ọ̀gá mi.

Láti ọjọ́ náà, Baba ló ń bá mi ṣọ́ ọ.

Ní ti físà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí àpérò mìíràn ní orílẹ̀-èdè tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì dá ìwé mi padà pé kò dá wọn lójú pé màá padà sílé. Èmi tí mo ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọgọ́rin tó ń dúró dè mí de ìdánwò WAEC! Lọ́tẹ̀ yìí mo kó ìwé jọ bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́: lẹ́tà àpérò, lẹ́tà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìwé báńkì, ìwé ilé tí màá sùn, ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò bí àìsàn bá ṣe èèyàn lọ́hùn-ún. Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò. EGU fún mi ní owó ìrànwọ́, wọ́n sì yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò lọ́rùn mi. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wù olókìríkà yẹn ì bá má sí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni gbèdéke ìwé ẹni tó bá fẹ́ ìrànwọ́ náà, aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé nígbà òtútù, aago wọn àti aago wa kò yàtọ̀. Mo fi tèmi ránṣẹ́ ní aago kan ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lórí fóònù, nínú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan tó ní jẹnẹrétọ̀.

Àbújá ni mo lọ fún òǹtẹ̀ ìka. Mo gba Ìfàkì, Òmùò, Kàbà, Lọ́kọ́ja, n kò sì jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ títí mo fi padà délé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kí n gbé ìka sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n nù ún. Mo nù ún. Kò sí ìlà ìka lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?" Mo ní òkúta ni mò ń fọ́. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń di òkúta mú, tí mò ń lọ̀ ọ́ kí n lè wo inú rẹ̀, ti pa ojú ìka mi rẹ́. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló mú òrí jáde nínú báàgì rẹ̀, mo fi ra ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo dúró díẹ̀, mo tún gbé e sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ gbà á. Páásípọ́ọ̀tù mi padà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, físà ọjọ́ méjìlá wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ni ìyá mi fi jagun. Bùkà iyán ni wọ́n ní ní Èrìjìyàn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọn kò sì gbà pé ilẹ̀ kan wà tí iyán kò sí. Wọ́n yan ẹran ìgbẹ́, wọ́n wé e sínú bébà, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta dì í. Mo ní, "Màámi, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọ ilẹ̀ Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa, àti wàrà." Wọ́n ní ṣé àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ ẹran ni? Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́. "Kí ló wá burú nínú tiwa?" A parí rẹ̀ sórí gaàrí, èlùbọ́ àti ata gígún. Ẹran ìgbẹ́ náà ṣì wà níbí, èmi àti àbúrò mi ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí mò ń ka ìwé nípa Vienna kí n má bàa dé bẹ̀ bí ará oko, mo bá orúkọ Eduard Suess pàdé lọ́nà tí n kò rò. Gbogbo wa tí a kọ́ jiọ́lọ́jì ló mọ̀ ọ́n, òun ló fún ilẹ̀ ńlá àtijọ́ ní orúkọ Gondwana, nígbà tí Áfíríkà, Íńdíà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn yòókù ṣì jọ lẹ̀ mọ́ra. Àpáta Èkìtì gbóná, ó sì ká lu ara rẹ̀ nígbà tí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn ń kọlu ara wọn, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àpáta ìlà oòrùn àríwá Bùràsíìlì sì jọ tiwa bí ìbejì. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Suess, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Vienna, ló tún wà nídìí omi tí ará ìlú náà ń mu. Kànga ni wọ́n ń pọn nígbà náà, àìsàn inú kànga sì ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n lọ síbi orísun lórí òkè, kí wọ́n la ọ̀nà fún omi náà títí dé ìlú. Ọ̀nà náà lé ní 90 kìlómítà, ó ń fi ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ nìkan sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1873 ni wọ́n ṣí i. Omi yẹn ṣì ń ṣàn nínú ilé wọn lónìí.

Mo ka èyí tán, mo wo ojú fèrèsé. Páìpù kan wà níwájú ilé tí mò ń gbé ní Adó. Ìgbà tí mo rí omi gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀, mi ò tíì wọ yunifásítì. Adìyẹ onílé wa ń sùn lórí rẹ̀.

Mo bá fi Suess bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé inú wọn á dùn pé ará Èkìtì mọ ọmọ ìlú wọn. Mo fi Gondwana tẹ̀lé e. Mo fi ti Endeavour kún un, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí ojú sánmà, tó gbé ẹ̀rọ rádà lọ sókè ní oṣù kejì ọdún 2000, tó fi ọjọ́ mọ́kànlá ya àwòrán gíga àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ayé. Nígbà tí wọ́n tú àwòrán rẹ̀ tó mọ́ jù sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014, Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Dátà òru ni mo fi gbà á sílẹ̀, láti aago kan sí aago mẹ́rin. Orí rẹ̀ ni mo ti rí i pé òkè Ẹ̀fọ̀n tí a ń rí gẹ́gẹ́ bí òkè kan ṣoṣo ti là ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú, àti pé àwọn ojú kan nínú wọn lọ tààrà sí Ìkógòsì. Ṣé irú èyí ṣeé yọ?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sí Èrìjìyàn. Màámi ń bẹ iṣu. Mo ní kí wọ́n jókòó bí òyìnbó, kí n sọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ráyè jókòó, kí n máa sọ ọ́. Mo tẹ aago fóònù, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń sọ díẹ̀ ní ẹnu tiwa. Mi ò tíì kúrò lórí Suess tí wọ́n fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ará ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n ni? Ìwọ ni o fẹ́ gbéra látibí lọ kì wọ́n ní oríkì bàbá wọn?"

Mo yọ Suess. Mo bọ́ sórí Gondwana, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní ṣé omi ni mò ń tà tàbí Bùràsíìlì? (Ó ní bí wọ́n ṣe sọ Bùràsíìlì yẹn.) Mo yọ ìyẹn náà. Mo sọ ti òkúta: pé ti Ìkẹ́rẹ́, Ọlọ́sùnta àti Òróle, jẹ́ granite àti charnockite, ó dán, ó rí róbótó bí orí apárí, ṣùgbọ́n tiwa jẹ́ quartzite, ó tò lélẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó sì là níbi púpọ̀. Wọ́n mi orí. Mo sọ pé òjò ló ń gba ojú wọ̀nyẹn wọlẹ̀.

"Ta wá ń koná sábẹ́ rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀gá mi ní yunifásítì bi mí lọ́dún kẹta, mo sì fi ojú ewé mẹ́rìnlá dá wọn lóhùn. Ẹni tó ti ń dáná iyán fún ọgbọ̀n ọdún kò ní fẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá. Mo ní: kò sẹ́ni tó ń koná, Màámi. Kò sí òkè oníná níbẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbóná bí a bá ṣe ń wọlé lọ. Káàkiri ayé, bí a bá wa kìlómítà kan, ooru á fi nǹkan bí 25 sí 30 lé sí i. Nínú àpáta àgbà bíi tiwa, ó máa ń dín díẹ̀. Omi kànga wa wà ní nǹkan bí 26, ti orísun jẹ́ 38. Kí omi tó lè rí méjìlá tó wà láàárín yẹn, ibi tó wọlẹ̀ dé kò lè dín ní ìdajì kìlómítà, ó sì ṣeé ṣe kó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi a máa tutù díẹ̀ bó bá ń gòkè bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tètè gòkè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ojú tó là.

Wọ́n ronú. Wọ́n mú iṣu mìíràn. "Bí omi tí mo gbé kalẹ̀ lórí èédú tó ti kú. Kò sí ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ níbẹ̀, á lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé uṣẹ́ tí o ti ń ṣe fún ọdún mẹ́fà nìyẹn?" Ìyá mi kì í sọ iṣẹ́, uṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ilé, ulé ni. "Ó dáa. Sọ pé òjò rọ̀ sórí òkè wa, ó wọlẹ̀, ó pẹ́ nísàlẹ̀, ó bá ibi tó là jáde. Kí o wá fi àwòrán rẹ hàn wọ́n. Èyí tó bá fẹ́ mọ ti Bùràsíìlì á wá bá ọ nídìí tẹlifísọ̀n yẹn."

Wọn kò mọ PICO rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dá PICO sílẹ̀ fún gan-an ni wọ́n sọ yẹn. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí, mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn àkọ́kọ́: òjò rọ̀ sórí òkè wa. Èkejì ni ti 38, mo sì sọ ọ́ gbangba níbẹ̀ pé kì í ṣe 70. Mo tẹ aago. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjìléláàádọ́ta. Gondwana, Endeavour àti àwọn ìyókù ti bọ́ sínú ojú ewé tí ẹni tó bá wá bá mi lè tẹ̀ fúnra rẹ̀. Suess nìkan ni kò rí àyè. Mo ti wo àwòrán ìlú, mo rí i pé orísun tó ń tu omi sókè ní Schwarzenbergplatz, èyí tí wọ́n kọ́ láti fi ṣàmì ìgbà tí omi òkè dé, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U1 ń gbà. Màá lọ kí i níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo bá ráyè.

Kí n tó padà sí Adó, mo yà sí Ìkógòsì láti gba àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn kúrò nínú ẹ̀rọ. Mo ti yí okùn rẹ̀ sí àwọ̀ ewé. Baba ti gé igbó yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì fi òkúta mẹ́ta sàmì sí i. 37.5, láti oṣù kejì títí di òní. Mo sọ fún wọn pé mò ń gbé omi náà lọ sí ìlú òyìnbó, pé mo ní ìṣẹ́jú méjì láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó kéré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé ṣé wọn á béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ bí mi ò bá sí níbẹ̀.

Mo ní wọn kì í sábà béèrè.

"Ìwọ sọ fún wọn."

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ojú ewé kan sí ìparí, àwòrán ọwọ́ Baba àti okùn aláwọ̀ ewé náà, wọn kò fẹ́ kí n ya ojú wọn. Gbólóhùn kan ni mo máa sọ sí i. Mo tún tẹ aago, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá márùndínlọ́gọ́ta.